Bí ẹ ṣe lè kọ́ kíláàsì Bíbélì yín ní ọ̀rọ̀ Cyril àti Nestorius kó sì yé wọn

Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá kọ́ kíláàsì nípa bí Jésù ṣe jẹ́ Ọlọ́run tó sì tún jẹ́ èèyàn, ẹ má sá o. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa máa ń sá, a ó kàn ka Jòhánù orí kìíní, a ó ní ohun ìjìnlẹ̀ ni, a ó gbàdúrà, ó parí. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn bíṣọ́ọ̀bù ayé àtijọ́, ìjà tó le débi pé ọba Róòmù fúnra ẹ̀ dá sí i, wọ́n lé èèyàn lọ sínú aginjù, àwọn ìjọ kan sì wà títí dòní tí wọn ò jọ jẹ oúnjẹ Olúwa pọ̀ nítorí ẹ̀. Ẹni tó wà láàárín gbùngbùn ìjà yẹn ni Cyril, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì láti ọdún 412 títí tó fi kú ní 444. Ìtàn ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi kọ́ wọn. Ó máa yé wọn ju kẹ́ ẹ máa to ọ̀rọ̀ gíga-gíga jọ lọ.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kọ́ ọ, mo kọ "ìwà méjì nínú ẹni kan" sára bọ́ọ̀dù, mo ń ṣàlàyé, mo tún ń ṣàlàyé, wọ́n kàn ń wò mí ni. Màmá àgbàlagbà kan tí wọ́n jókòó lẹ́yìn wá nawọ́, wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ta ni wọ́n kàn mọ́gi gan-an? Ṣé Ọlọ́run ni àbí èèyàn ni?" Gbogbo kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Mo délé, mo tún ìwé mi kà, ìgbà yẹn ni mo rí i pé ìbéèrè tí màmá yẹn bi mí yẹn gan-an ni Cyril ń bi Nestorius, bíṣọ́ọ̀bù tí wọ́n jọ ń jà, láti ọdún 429 lọ. Àtìgbà yẹn, ìbéèrè màmá yẹn ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní *ta ni*, ẹ má tíì dé ibi *kí ni*. Ta ni Màríà bí? Ta ni ebi pa nínú aginjù? Ta ló sùn nínú ọkọ̀ ojú omi tó tún dìde bá ìjì wí? Ta ni wọ́n kàn mọ́ àgbélébùú? Ẹ jẹ́ kí wọ́n dáhùn, ẹ má tètè tún un ṣe fún wọn. Ẹ óò gbọ́ ẹni tó máa sọ pé ara ẹ̀ ló kú, Ọlọ́run inú ẹ̀ ò kú, ẹ óò gbọ́ ẹni tó máa sọ pé Ọlọ́run ló kàn gbé àwọ̀ èèyàn wọ̀. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ torí ẹ ṣì máa padà síbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ náà *ìwà*. Inú àwọn ìwé ẹ̀kọ́ wa ni a ti ń rí "ìwà Ọlọ́run" àti "ìwà èèyàn", kò burú, àmọ́ lẹ́nu wa lójoojúmọ́ ohun tí ìwà ń jẹ́ ni ìṣesí, pé ẹnì kan níwà tàbí kò níwà. Tẹ́ ẹ bá wá ní Jésù ní ìwà méjì, ohun tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún máa gbọ́ ni pé Jésù ń ṣe báyìí lónìí, ó ń ṣe bọ́hùn-ún lọ́la. Èmi máa ń sọ pé "jíjẹ́ Ọlọ́run" àti "jíjẹ́ èèyàn". Ó gùn díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣi èèyàn lọ́nà. Ọ̀rọ̀ *ẹni* ní tiẹ̀ dára gan-an, ẹ má fi ohunkóhun rọ́pò ẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo. Ohun tí Cyril ń jà fún nìyẹn.

Kẹ́ ẹ tó sọ ìtàn ìjà, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ Nestorius bí èèyàn, kì í ṣe bí orúkọ burúkú kan ṣáá. Mọ́ńkì ni, apá Áńtíókù ní Síríà ló ti wá, ó mọ ìwàásù ṣe dáadáa, ìyẹn ni Ọba Theodosius Kejì ṣe pè é wá di bíṣọ́ọ̀bù Constantinople, olú ìlú ọba, ní oṣù kẹrin ọdún 428. Kò pẹ́ tó débẹ̀ ni àlùfáà kan tó bá a wá, Anastasius, gorí pèpéle ó ní kí ẹnikẹ́ni má pe Màríà ní Theotokos mọ́, pé èèyàn ni Màríà, Ọlọ́run ò sì lè tinú èèyàn jáde. Theotokos, èdè Gíríìkì ni, ìtumọ̀ ẹ̀ ni ẹni tó bí Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ti ń fi gbàdúrà tipẹ́ ni, nítorí náà ariwo ta. Dípò kí Nestorius pe ọmọ ẹ̀ sí kọ́rọ̀ kó bá a wí, ó gbè é lẹ́yìn, ó ní á dáa kí wọ́n kúkú máa sọ pé Christotokos, ẹni tó bí Kristi.

Àárín kíláàsì lẹ máa gbọ́ "hmm" níbí, pàápàá tó bá jẹ́ ìjọ tí wọn kì í sọ̀rọ̀ Màríà púpọ̀. Àwọn kan á ní Nestorius ló sọ òótọ́ jàre, Ọlọ́run ò ní ìyá. Ẹ má bínú sí wọn. Àwọn ará wa ní Kátólíìkì ń sọ ọ́ nínú àdúrà wọn lójoojúmọ́, "Màríà Mímọ́, Ìyá Ọlọ́run", ẹlòmíràn gbọ́ ọ ó rò pé wọ́n ń sọ pé Màríà ti wà kí Ọlọ́run tó wà. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìjà yìí o, Cyril ò sọ ọ́, ó tiẹ̀ kọ ọ́ sínú lẹ́tà kejì tó kọ sí Nestorius ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 430 pé kì í ṣe pé jíjẹ́ Ọlọ́run Ọmọ bẹ̀rẹ̀ látinú Màríà. Ọ̀rọ̀ lórí ọmọ ni, kì í ṣe lórí ìyá. Tí ọmọ tí Màríà gbé jó, tó fún lọ́yàn, bá jẹ́ Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run fúnra ẹ̀ tó di ara, orúkọ wo la fẹ́ pe ìyá tó bí i?

Ẹ wá lo àpẹẹrẹ tí Cyril fúnra ẹ̀ lò nínú lẹ́tà tó kọ sí àwọn mọ́ńkì Íjíbítì, torí ó bá tiwa mu gan-an. Ó ní ẹ wo Èlísábẹ́tì ìyá Jòhánù Onítẹ̀bọmi. Ṣé Èlísábẹ́tì ló dá ẹ̀mí Jòhánù ni? Rárá, Ọlọ́run ló ń fi ẹ̀mí sínú ọmọ. Ṣé ẹnì kan wá lè sọ pé Èlísábẹ́tì kì í ṣe ìyá Jòhánù, pé ìyá ẹran ara Jòhánù lásán ni? Kò ṣeé gbọ́ sétí. Níbí mo máa ń bi àwọn tèmi pé, lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ta la máa ń pè ní Ìyá Bísí? Ṣé ìyá ẹran ara Bísí la máa ń ní? Ìyá Bísí ni, gbogbo Bísí pátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá ẹ̀ ò dá ẹ̀mí ẹ̀, a ò sì tíì mọ ohun tí Bísí máa dà. Ẹni la máa ń bí. Kò sí ìyá tó bí ara kó wá yọwọ́ ẹni tó ni ara. Tí èyí bá wọlé sí wọn lára, ìdajì iṣẹ́ ti parí, mi ò sọ àsọdùn. Ẹ fi Lúùkù 1:43 tì í lẹ́yìn, ibi tí Èlísábẹ́tì kan náà ti pe Màríà ní ìyá Olúwa mi.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pín kíláàsì sí méjì. Kí apá kan gbè sẹ́yìn Nestorius, kí apá kejì gbè sẹ́yìn Cyril, kẹ́ ẹ sì fún apá Nestorius ní ẹsẹ Bíbélì tó lágbára, ẹ má fún wọn ní èyí tí wọ́n máa fi tètè pàdánù. Ẹ fún wọn ní Jòhánù 11:35 tí Jésù ti sọkún, Lúùkù 2:52 tó ti ń dàgbà nínú ọgbọ́n, Máàkù 13:32 tó ti ní Ọmọ pàápàá ò mọ wákàtí yẹn. Kí wọ́n béèrè pé, ṣé Ọlọ́run ń dàgbà ni, ṣé ọgbọ́n ẹ̀ ń pọ̀ sí i ni, ṣé Ọlọ́run ń kú? Ohun tó ń jẹ Nestorius lọ́kàn gan-an nìyẹn. Kò sọ pé Jésù kì í ṣe Ọlọ́run o, ẹ tẹnu mọ́ ọn. Ìbẹ̀rù méjì ló wà lára ẹ̀. Àwọn ọmọlẹ́yìn Arius wà nílùú tí wọ́n ń sọ pé ẹ̀dá ni Ọmọ, tí wọ́n bá sì gbọ́ pé Ọlọ́run jìyà, wọ́n á ní ṣẹ́ ẹ rí i, kò tó Baba. Àwọn ọmọlẹ́yìn Apollinaris náà ń sọ pé Jésù ò ní ọkàn èèyàn, pé Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló wà níbi tó yẹ kí ọkàn wà. Nestorius fẹ́ kí jíjẹ́ èèyàn Jésù pé pérépéré, kí jíjẹ́ Ọlọ́run ẹ̀ má sì ní àbàwọ́n. Ìbẹ̀rù tó nídìí ni. Ibi tó ti kọsẹ̀ ni pé, bó ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀ tó báyẹn, ó wá ń dún létí àwọn èèyàn bí ẹni pé ẹni méjì ló wà níbẹ̀, Ọlọ́run lọ́tọ̀, Jésù ará Násárétì lọ́tọ̀, tí àwọn méjèèjì kàn jọ ń ṣe pọ̀. Wọ́n jẹ́rìí sí i ní Éfésù, níbi ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù tí a máa dé láìpẹ́, pé ó ní òun ò lè pe ọmọ oṣù méjì tàbí mẹ́ta ní Ọlọ́run.

Kí apá Cyril wá ka Jòhánù 1:14, Ọ̀rọ̀ náà di ara, kì í ṣe pé Ọ̀rọ̀ náà lọ bá èèyàn kan gbé. Kí wọ́n ka 1 Kọ́ríńtì 2:8, Olúwa ògo ni Pọ́ọ̀lù ní wọ́n kàn mọ́gi. Kí wọ́n ka ohun tí Tọ́másì sọ ní Jòhánù 20:28. Cyril ò ní Ọlọ́run yí padà di ẹran, kò ní jíjẹ́ Ọlọ́run ló gba ìṣó. Ó ní Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run mú ara àti ọkàn èèyàn, ó sọ ọ́ di tara ẹ̀, nítorí náà ebi ara yẹn ebi tiẹ̀ ni, ẹkún yẹn ẹkún tiẹ̀ ni, ikú yẹn ikú tiẹ̀ ni. Tí ara ọmọ ẹ bá gbóná, ìwọ lò ń sùn lọ́sibítù lóòótọ́ o, àmọ́ ara ẹ kọ́ ló gbóná, tìrẹ lọ́tọ̀, tọmọ ẹ lọ́tọ̀. Ti Jésù ò rí bẹ́ẹ̀. Ara tí wọ́n nà yẹn, ara Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni, kò yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìdí tí Cyril fi gbóná tó báyẹn nìyí, torí ó ní tó bá jẹ́ pé èèyàn kan tí Ọlọ́run kàn dúró tì ló kú, báwo ni ikú èèyàn kan ṣe fẹ́ gba gbogbo wa là? Àti ní ibi oúnjẹ Olúwa, tó bá jẹ́ ara èèyàn lásán la ń jẹ, ìyè wo ló fẹ́ wà níbẹ̀? Ibi tí mo ti fẹ́ràn Cyril jù nìyí. Ọ̀rọ̀ ìgbàlà ló fi ń wo gbogbo ẹ̀.

Wọ́n máa béèrè àpẹẹrẹ, ẹ má fún wọn ní àpẹẹrẹ gààrí àti omi, torí tí gààrí bá ti rin, ó ti di nǹkan kẹta, kì í ṣe omi mọ́ kì í sì í ṣe gààrí gbígbẹ. Ẹ má lo agbádá náà, èèyàn lè bọ́ agbádá sílẹ̀ kó máa lọ. Àpẹẹrẹ tó dára jù lọ́wọ́ Cyril fúnra ẹ̀ ni irin inú iná. Ẹ ní kí wọ́n rántí irin tó wà nínú iná alágbẹ̀dẹ, tó ti pọ́n wàá. Irin ṣì ni, iná sì wà nínú ẹ̀ látòkè délẹ̀, tí irin yẹn bá kan nǹkan á jó o. Tí alágbẹ̀dẹ bá wá fi ọmọ owú lù ú, irin ló máa tẹ̀, iná ò ní ṣèṣe, síbẹ̀ irin oníná yẹn kan náà ló lù. Cyril máa ń sọ pé Ọmọ jìyà láì jìyà. Ẹ má fi gbólóhùn yẹn bẹ̀rẹ̀ o, ó máa dún bí àlọ́, àmọ́ lẹ́yìn irin àti iná, wọ́n á mi orí.

Ìgbà yìí lẹ wá lè sọ ìtàn ìjà náà, ẹ sì sọ ọ́ bó ṣe rí. Cyril kọ lẹ́tà sí bíṣọ́ọ̀bù Róòmù, Celestine, Róòmù sì dá Nestorius lẹ́bi ní oṣù kẹjọ ọdún 430. Cyril wá kọ lẹ́tà kẹta sí Nestorius, ó to gbólóhùn méjìlá sí ìparí ẹ̀, pé ẹni tí kò bá gba ìkọ̀ọ̀kan wọn, ègún ni fún un, ìkìíní dá lórí Theotokos, ìkejìlá dá lórí pé Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run jìyà nínú ara. Ó le jù, ó mú inú bí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Síríà, kódà àwọn tí ò fẹ́ràn ohun tí Nestorius ń sọ. Ọba pe gbogbo wọn sí Éfésù, tó wà ní Tọ́kì lónìí, fún ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ọdún 431. John, bíṣọ́ọ̀bù Áńtíókù, àtàwọn èèyàn ẹ̀ pẹ́ lọ́nà. Cyril dúró bí ọ̀sẹ̀ méjì, ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ó ṣí ìpàdé nínú ṣọ́ọ̀ṣì Màríà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bíṣọ́ọ̀bù méjìdínláàádọ́rin kọ̀wé pé kó dúró, tí aṣojú ọba, Candidian, náà ní kó má ṣe é. Nestorius kọ̀ kò wá. Wọ́n ka lẹ́tà kejì ti Cyril, bíṣọ́ọ̀bù ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń sọ pé ó bá ìgbàgbọ́ Nicaea mu, ìyẹn ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ tí ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ti ọdún 325 ṣe, ọjọ́ kan ṣoṣo náà ni wọ́n fi yọ Nestorius lóyè, nǹkan bí igba bíṣọ́ọ̀bù ló fọwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n jáde lálẹ́, àwọn ará ìlú ti ń dúró dè wọ́n, wọ́n tan ògùṣọ̀ sìn wọ́n lọ sílé, àwọn obìnrin ń sun tùràrí níwájú wọn.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀ ni John dé, inú bí i, ó ṣe ìpàdé tiẹ̀ pẹ̀lú àwọn bíṣọ́ọ̀bù díẹ̀, wọ́n yọ Cyril náà lóyè. Ọba bá ní òun fọwọ́ sí méjèèjì, wọ́n ti Cyril àti Nestorius mọ́lé. Cyril bọ́, ó padà sí Alẹkisáńdíríà ní ìparí oṣù kẹwàá. Kò bọ́ lásán. Lẹ́tà kan tí akọ̀wé ẹ̀ kọ ṣì wà, tó to ẹ̀bùn tí wọ́n kó fún àwọn ará ààfin, wúrà, kápẹ́ẹ̀tì, àga eyín erin, ó sì ní ṣọ́ọ̀ṣì Alẹkisáńdíríà ti ṣófo nítorí ẹ̀. Ẹ sọ èyí fún wọn. Ẹ sọ ti Hypatia náà, obìnrin onímọ̀ ìṣirò tí àwọn jàǹdùkú Kristẹni pa nípakúpa ní Alẹkisáńdíríà ní ọdún 415, Cyril ló wà lórí àga bíṣọ́ọ̀bù nígbà yẹn. Socrates, akọ̀tàn ìjọ tó gbáyé ìgbà náà, kò ní Cyril ló pàṣẹ, àmọ́ ó ní ìtìjú ńlá ni fún Cyril àti ìjọ ẹ̀. Cyril tún lé àwọn Júù kúrò nílùú. Mo mọ tíṣà kan tó fo gbogbo ibi wọ̀nyí nítorí pé ẹni mímọ́ ni wọ́n ń pè é, ọmọ kan nínú kíláàsì ẹ̀ wá ka a lórí fóònù lọ́jọ́ kejì, ó ní wọ́n ń purọ́ fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì gba ohun tó kù gbọ́ mọ́. Ẹ̀yin kúkú ni kẹ́ ẹ sọ ọ́, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n wò ó bóyá ẹ̀kọ́ ẹ̀ dúró fúnra ẹ̀ tàbí kò dúró.

Ẹ má parí ìtàn sí Éfésù, torí ibi tí Cyril ti ṣe ohun tó dára jù ṣì wà níwájú. Ní ọdún 433, lẹ́yìn tí Paul bíṣọ́ọ̀bù Emesa ti ń lọ ń bọ̀ láàárín wọn, Cyril fọwọ́ sí ìwé tó wá látọ̀dọ̀ àwọn ará Síríà, pé Jésù bá Baba dọ́gba ní jíjẹ́ Ọlọ́run, ó bá wa dọ́gba ní jíjẹ́ èèyàn, méjèèjì so pọ̀ láì dàrú, Màríà sì ni Theotokos. Àwọn náà gbà pé kí Nestorius lọ. Cyril kọ lẹ́tà sí John, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ inú Sáàmù, kí ọ̀run kó yọ̀. Àwọn kan nínú ọmọlẹ́yìn ẹ̀ bínú, wọ́n ní ó ti tẹ̀ síbì kan, ó ní rárá o, ohun kan náà la jọ gbà gbọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu wa ló yàtọ̀. Ọkùnrin tó ń ka ègún méjìlá ní ọdún mẹ́ta ṣáájú! Mo máa ń dúró síbí pẹ́ díẹ̀, torí kò rọrùn.

Chalcedon, ìpàdé ńlá mìíràn tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ṣe ní ọdún 451, ẹ kàn fẹnu bà á tí àyè bá wà. Cyril máa ń sọ gbólóhùn kan, "ìwà kan ti Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tó di ara", ó rò pé Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà ayé ṣáájú tiẹ̀, ló kọ ọ́, láìmọ̀ pé ọ̀dọ̀ Apollinaris ló ti wá. Lẹ́yìn ikú ẹ̀, Chalcedon ní ẹni kan nínú ìwà méjì, láì dàrú, láì yí padà, láì pín, láì yà, wọ́n sì ní ohun tí Cyril kọ́ni nìyẹn. Àwọn Kọ́ptíìkì, ìyẹn àwọn Kristẹni Íjíbítì, àwọn ará Ethiopia àti Armenia ní rárá, Cyril tiwa ò ní méjì. Apá méjèèjì ń pè é ní bàbá wọn títí dòní.

Wákàtí kan ò tó gbogbo èyí, Sọ́ńdè méjì ni kẹ́ ẹ pín in sí, ìbéèrè "ta ni" àti Ìyá Bísí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìjà àti ìrẹ́pọ̀ lọ́jọ́ kejì. Tẹ́ ẹ bá ń parí lọ, ẹ padà sí ohun tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ẹ kà á sí wọn létí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fúnra wọn sọ èyí tí Nestorius máa fara mọ́ àti èyí tí Cyril máa fà ya. Ẹnì kan dájú pé ó máa béèrè ibi tí Nestorius parí sí. Wọ́n lé e lọ sí aginjù ní Íjíbítì, ibẹ̀ ló ti kọ ìwé tó fi gbèjà ara ẹ̀, kò padà sílé mọ́. Ìwé yẹn sọnù fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó rí i ní èdè Síríákì lápá ìparí àwọn ọdún 1800. Ní ọdún 1994, Póòpù John Paul Kejì àti Mar Dinkha Kẹrin, olórí Ìjọ Ìlà-Oòrùn ti Assyria, ìjọ tí wọ́n ti ń pè ní ti Nestorius láti ìgbà yẹn, jọ fọwọ́ sí ìwé kan pé ẹni kan náà ni àwọn jọ ń jẹ́wọ́, Ọlọ́run tòótọ́ àti èèyàn tòótọ́.